Ẹ Fẹ́ Lọ Wo Ibi Tí Àwọn Àtìpó Ìwọ̀-Oòrùn Amẹ́ríkà Gbé? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ibo gan-an ni "ìwọ̀-oòrùn àtijọ́" tí wọ́n máa ń sọ yìí wà?

Ó kù sí ọdún tí ẹ ń béèrè. Ní nǹkan bí 1740, àfonífojì Shenandoah ní Virginia ni ẹnu ààlà, ìyẹn ibi tí ilẹ̀ tí àwọn àtìpó ti gbà parí sí, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Washington rárá. Nígbà tí Missouri fi di ìpínlẹ̀ ní 1821, ààlà ti kọjá odò Mississippi. Láti 1843 ni àwọn ìdílé ti ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà Oregon, nǹkan bí 2,000 máìlì láti Independence, Missouri. Òfin Homestead, tó ń fún ìdílé ní ilẹ̀ ọ̀fẹ́, dé ní 1862, rélùwéè so ìlà-oòrùn mọ́ ìwọ̀-oòrùn ní 1869, nígbà tí ìjọba sì ka èèyàn ní 1890, wọ́n ní àwọn ò rí ìlà ààlà kankan fà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí mùsíọ́mù kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Virginia, tí ẹ tún máa rí òmíràn ní Los Angeles, tí kò sì sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní. Ṣé mo lè rí gbogbo rẹ̀?

Rárá o. Ohun tó ń bá ọ̀pọ̀ àlejò jẹ́ ni kí wọ́n fi ìka wọn ọ̀nà lórí máàpù. Ìpínlẹ̀ Wyoming nìkan fi díẹ̀ tóbi ju England, Scotland, Wales àti Northern Ireland lápapọ̀ lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ mú.

Tí ẹ bá ń gbé ní Maryland tàbí Washington, Frontier Culture Museum ní Staunton, Virginia, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni, ẹ lè lọ kí ẹ bọ̀ lóòjọ́. Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin gidi lẹ ní, ọ̀nà odò Platte, tí àwọn tó ń lọ Oregon tọ̀, ló dára jù lójú tiwa. Ẹ wọ bàálù dé Omaha ní Nebraska, ẹ háyà mọ́tò, ẹ wo Homestead National Historical Park lẹ́bàá Beatrice, kí ẹ sùn ní Lincoln. Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ìwakọ̀, nǹkan bí 400 máìlì, ẹ ó sì bá Chimney Rock, àpáta gíga tí àwọn àtìpó fi ń mọ ọ̀nà, pàdé kí ẹ tó dé Gering. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ wo òkè Scotts Bluff láàárọ̀, ẹ wo bárékè àtijọ́ Fort Laramie lọ́sàn-án, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ síwájú dé Guernsey, níbi tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn àtìpó ti họ àpáta wọlé títí ó fi jìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún láwọn ibì kan. Láti ibẹ̀ sí Denver tó nǹkan bí wákàtí mẹ́ta, ẹ sì lè wọ bàálù padà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín tí ẹ bá gba mọ́tò ní Omaha tí ẹ dá a padà ní Denver, torí owó yẹn máa ń ya èèyàn lẹ́nu.

Ẹ ṣọ́ aago pẹ̀lú. Apá ìwọ̀-oòrùn Nebraska àti gbogbo Wyoming fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Omaha. Ẹni tó ń lọ jèrè wákàtí kan, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ lè dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn.

Èló ni wọ́n ń gbà?

Homestead, Fort Laramie, àti Nicodemus pẹ̀lú Fort Larned ní Kansas, kì í gba kọ́bọ̀. Gbogbo wọn wà lábẹ́ National Park Service, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọgbà àti ibi ìtàn. Golden Spike ní Utah, níbi tí rélùwéè ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn ti pàdé ní 1869, ń gbowó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mélòó kan mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í gba owó ọwọ́ mọ́. Ẹ mú káàdì dání, tàbí kí ẹ ti sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Káàdì ìwọlé olódún kan jẹ́ 80 dọ́là fún ẹni tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù kìíní 2026, 250 dọ́là ló di fún àlejò láti òkèèrè. Bí ó bá jẹ́ kìkì ibi ìtàn lẹ fẹ́ wò, ẹ má tíì rà á. Ẹ kọ́kọ́ ro owó ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ pọ̀, ó ṣeé ṣe kó má tó 80 rárá.

Káàdì yẹn kò wúlò ní ibi tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àwọn aládàáni. Buffalo Bill Center of the West ní Cody, Wyoming, wọ́n lówó, ṣùgbọ́n mùsíọ́mù márùn-ún ló wà lábẹ́ òrùlé kan, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Ẹni tó bá ní káàdì oúnjẹ ìjọba, EBT, kí ó béèrè ní ẹnu ọ̀nà mùsíọ́mù bóyá wọ́n wà nínú ètò Museums for All. Ẹ̀dínwó rẹ̀ máa ń tóbi, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Kí ló wà ní Staunton tó kan àwa ọmọ Nàìjíríà?

Ohun tó kàn yín níbẹ̀ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mùsíọ́mù yìí kì í ṣe ilé onígíláàsì. Oko àti ilé ni wọ́n tò síta, tí èèyàn ń rìn láti ọ̀kan dé èkejì. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ti wá: oko England ti ọdún 1600 sókè, oko àti ilé àgbẹ̀dẹ láti Ireland, oko Jámánì, àti agboolé kan láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìgbò ni agboolé náà, kì í ṣe Yorùbá, ohun tó sì bá ìtàn mu nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí Virginia láàárín 1700 sí 1775 wá láti etíkun Biafra. Àwọn Yorùbá tí ogun tó tẹ̀ lé ìṣubú Ọ̀yọ́ kó lẹ́rú, Brazil àti Cuba ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dé, ìyẹn sì pẹ́ lẹ́yìn àkókò tí oko yìí ń ṣàfihàn.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti apá Amẹ́ríkà. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn oko ìlú òkèèrè, kí ẹ fara balẹ̀ wo ògiri, òrùlé àti ibi ìdáná wọn, nítorí pé àdàlù wọn lẹ máa bá lápá kejì, nínú oko Amẹ́ríkà ti 1740, ti 1820 àti ti 1850. Ilé tí wọ́n fi ìtì igi tò lórí ara wọn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ilé Amẹ́ríkà, ti wà lọ́wọ́ àwọn tó wá láti ààrin gbùngbùn Yúróòpù tipẹ́. Ẹ ya wákàtí mẹ́ta ó kéré tán sọ́tọ̀, ẹ wọ bàtà ìrìn, ẹ sì bá àwọn tó wọ aṣọ àtijọ́ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti dáhùn ìbéèrè, àlejò tó bá dákẹ́ máa ń pàdánù ìdajì ohun tó wà níbẹ̀. Rélùwéè Amtrak tó ń jẹ́ Cardinal ń dúró ní Staunton, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta péré ló ń rìn lọ́sẹ̀.

Ṣé àwọn èèyàn dúdú wà lára àwọn àtìpó?

Wọ́n wà dáadáa. Ẹ lọ sí Nicodemus, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Kansas, lójú ọ̀nà US 24. Ní 1877 ni àwọn èèyàn dúdú láti Kentucky, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ẹrú rí, tẹ ìlú náà dó. W. H. Smith, tó jẹ́ èèyàn dúdú, àti W. R. Hill, tó jẹ́ òyìnbó, ni wọ́n polongo ilẹ̀ náà fún wọn. Wọ́n wọ rélùwéè dé Ellis, wọ́n sì fẹsẹ̀ rin nǹkan bí 35 máìlì tó kù. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ihò tí èèyàn gbẹ́ sínú ilẹ̀, tó jẹ́ èéfín nìkan ló ń yọ lókè. Àwọn kan yí padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó dúró ì bá ti kú ní òtútù àkọ́kọ́ yẹn, bí kì í bá ṣe ti àwọn ọdẹ Osage, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, tó ń kọjá lọ tí wọ́n pín ẹran fún wọn. Ìlú náà gbèrú títí di 1888, nígbà tí rélùwéè gba òdìkejì odò kọjá, tí àwọn oníṣòwò sì kó lọ bá a níbi tí wọ́n ń pè ní Bogue lónìí.

Ilé márùn-ún ló wà lábẹ́ ààbò níbẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì méjì, ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn ìlú àti hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan. Kì í ṣe gbogbo wọn lèèyàn lè wọ̀, torí náà ilé ìgbàlejò ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Kò sí ilé oúnjẹ, kò sì sí epo mọ́tò. Ẹ ti ra méjèèjì ní Hill City tàbí Stockton. Ìparí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù keje ni àwọn àtọmọdọ́mọ máa ń wálé fún àjọ̀dún òmìnira, ìgbà yẹn ló dùn jù láti lọ, àmọ́ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní agbègbè yẹn kò pọ̀, kí ẹ ti gbà á sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú.

Fort Davis ní Texas jẹ́ bárékè tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹsàn-án àti kẹwàá ti àwọn ẹlẹ́ṣin, kẹrìnlélógún àti kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn 1867. Ní Fort Smith, Arkansas, ẹ ó rí ère Bass Reeves lórí ẹṣin, ẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú tó wá di igbákejì máṣà, ìyẹn agbófinró, ìjọba àpapọ̀.

Kí ni kí n wò lára kẹ̀kẹ́ ẹrù? Lójú mi, gbogbo wọn jọra.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe kéré. Àpótí rẹ̀ gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó fẹ̀ tó mẹ́rin, ẹrù tó sì lè gbé láìdá lójú ọ̀nà kò ju nǹkan bí 2,500 pọ́ùn lọ. Àgbàlagbà kan nìkan nílò tó 200 pọ́ùn fúláwà, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún pọ́ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ẹ fi ìyẹn ṣírò àgbàlagbà mẹ́rin, ìdajì ẹrù ti lọ kí ẹ tó gbé ìbùsùn, àáké, ìbọn tàbí kọfí sí i. Ìdí nìyí tí àga, sítóòfù àti àpótí aṣọ fi kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nítòsí Fort Laramie: òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn màlúù sì ti rẹ̀. Ìdí náà nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi fẹsẹ̀ rìn. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní sípíríìnì, ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ ni eegun rẹ̀ máa sọ.

Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ti iwájú kéré ju ti ẹ̀yìn lọ kí ó lè ráyè yí. Òrùka irin ló yí igi po. Nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó wà lókè odò Platte, igi máa ń sún kì, òrùka á sì tú. Wọ́n á ri ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sínú odò mọ́jú kí igi lè wú padà, tàbí kí wọ́n kan èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín igi àti irin. Tí ẹ bá tẹjú mọ́ kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ ojúlówó, ẹ lè rí irú èèkàn bẹ́ẹ̀. Garawa kékeré tó rọ̀ sẹ́yìn, ọ̀dà àti ọ̀rá ẹran ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ń pa ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yí.

Bí ẹ bá ríbi tí alágbẹ̀dẹ ti ń fi òrùka wọ kẹ̀kẹ́, ẹ fagi lé ètò yòókù. Á wọn àyíká igi, á gé irin kó kéré sí i ní ìwọ̀nba, á jó o pọ̀, á sì fi iná yí i ká títí tí yóò fi fẹ̀. Wọ́n á gbé e wọ̀ ọ́ kíákíá, wọ́n á da omi lé e, irin á sún kì, ẹ ó sì gbọ́ bí gbogbo oríkèé igi náà ṣe ń dún bó ṣe ń há mọ́ra. Bí òrùka bá ti kéré jù, á tẹ àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ wọ́. Bí ó bá tóbi jù, kò ní pẹ́ tó fi máa bọ́ sọnù.

Kí ló dé tó jẹ́ màlúù, tí kì í ṣe ẹṣin? Akọ màlúù tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kò wọ́n, ó ń jẹ koríko tó bá rí, ó sì le. Máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ dára, odindi ìrìn àjò náà á sì gbà tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ogun kọ́ ló pa àwọn àtìpó jù, àrùn onígbáméjì ni.

Ilé koríko tí wọ́n ń sọ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?

Ó kù díẹ̀. Kò sí igi ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nebraska àti Kansas, nítorí náà ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n gé. Kò dà bí ilé alámọ̀ tiwa, tí a máa ń po amọ̀ kí a tó mọ ọ́n. Wọn kì í po ti ibẹ̀ rárá. Gbòǹgbò koríko ló di ilẹ̀ náà mú, wọ́n á gé e ní ìṣù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, tó fẹ̀ ní ọ̀kan, tó nípọn tó ínǹṣì mẹ́rin, wọ́n á sì tò ó ní dídojú koríko délẹ̀. Ó tutù nígbà ooru, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà òtútù. Òrùlé ni wàhálà rẹ̀: bí òjò bá dá níta, inú ilé lè máa jò lọ. Aṣọ ni wọ́n ta sábẹ́ òrùlé kí erùpẹ̀ àti ejò má bàa já sínú ọbẹ̀.

Ní Aline, Oklahoma, wọ́n kọ́ ilé mùsíọ́mù bo ilé koríko kan tí wọ́n mọ ní 1894. Nítòsí Badlands ní South Dakota, Prairie Homestead ní èyí tó jẹ́ ti 1909, àmọ́ ó máa ń tì nígbà òtútù. Ní Homestead tó wà ní Beatrice, ilé onítì igi ti 1867 lẹ máa wọ̀. Ẹ má tíì wọlé tí ẹ kò bá tíì wo ògiri ìta: ìpínlẹ̀ 30 ni wọ́n gé ní irin síbẹ̀, ihò tó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fi hàn bí ilẹ̀ tí wọ́n fi tọrẹ níbẹ̀ ti tó. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn jẹ́ éékà kan géérégé. Ẹ rìn yí i ká kí ẹ wá fi ọkàn ro 160, ìyẹn ni ohun tí ìdílé kan gbà, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé lórí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kó tó di tiwọn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó àti èyí tí wọ́n tún kọ́?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ rénjà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ibẹ̀, wọn kì í fi pamọ́. Fort Larned ní ilé mẹ́sàn-án tó jẹ́ òkúta àtijọ́ gidi. Bent's Old Fort ní Colorado, tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ kọ́, àtúnkọ́ ni, ọdún 1976. Ọkọ̀ rélùwéè méjèèjì tó wà ní Golden Spike, 1979 ni wọ́n ṣe wọ́n, wọ́n sì ń rìn ní ìgbà ooru nìkan. Wọ́n ti hú irin ojú ọ̀nà àtijọ́ níbẹ̀ ní 1942 fún ogun, ìṣó wúrà gidi tí wọ́n fi ṣayẹyẹ ìsopọ̀ rélùwéè sì wà ní yunifásítì Stanford. Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ni wọ́n kọ sí i lára, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kẹwàá ni ayẹyẹ náà wáyé, nítorí pé àwọn àlejò pàtàkì pẹ́ dé. Àtúnkọ́ kì í ṣe ẹ̀tàn, ó máa ń jẹ́ kí èèyàn lè fọwọ́ kan nǹkan. Kìkì pé kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń wò.

Àwọn onílẹ̀ gan-an ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ẹ gbé dé gbogbo ibi tí ẹ bá yà, torí àwọn ibì kan ṣì ń sọ ìtàn bíi pé ilẹ̀ ṣófo. Ní Fort Laramie, ẹ béèrè nípa àdéhùn 1868 tó fi àwọn òkè Black Hills sílẹ̀ fún ẹ̀yà Lakota. Wọ́n rí wúrà níbẹ̀ ní 1874, àdéhùn sì fọ́. Ní 1980, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kí ìjọba san owó gbà-máà-bínú. Àwọn Lakota kọ̀, ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń béèrè. Ní Little Bighorn, Montana, tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti bá àwọn onílẹ̀ jà ní ọjọ́ 25 àti 26 oṣù kẹfà 1876, àmì ìrántí fún àwọn jagunjagun onílẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 2003. Àárín ilẹ̀ ẹ̀yà Crow ni ibẹ̀ wà. Bí ẹ bá bá ayẹyẹ kan pàdé lórí ilẹ̀ ẹ̀yà èyíkéyìí, ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ìgbà wo ló dára? Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, tàbí oṣù kẹsàn-án. Ooru oṣù keje ní Kansas lè kọjá 38°C, òjò alárá sì máa ń dé lọ́sàn-án. Nígbà òtútù, yìnyín lè ti ọ̀nà I-80 ní Wyoming pa fún odindi ọjọ́. Àwọn ibi kéékèèké ń yí àkókò padà, ẹ wo nps.gov láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ.

Ejò olóró tí ìrù rẹ̀ ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà ní Fort Laramie àti Scotts Bluff. Ojú ọ̀nà ni kí ẹ máa rìn, ẹ má ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta. Ẹ wo ara yín fún eégbọn lálẹ́. Ẹfọ̀n ilẹ̀ wọn dà bí ẹni tí kò lè sáré, àmọ́ ó yára ju yín lọ dáadáa, nítorí náà ẹ fi mítà 23 ó kéré tán jìnnà sí i. Ẹ sọ máàpù sílẹ̀ sórí fóònù ṣáájú, ẹ má sì jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ ju ìdajì táǹkì.

Mo ń mú ọmọdé lọ.

Gba ìwé Junior Ranger fún wọn gẹ́rẹ́ tí ẹ bá wọlé. Ọ̀fẹ́ ni níbi púpọ̀. Wọ́n á dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀, rénjà á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fún wọn ní báàjì. Ẹni tó bá gbà á nígbà tí wọ́n fẹ́ tì, ẹkún ni ọmọ rẹ̀ máa gbé padà sínú mọ́tò.

Ìwé wo ni àlejò láti ilé nílò?

Físà àbẹ̀wò tó ṣì wúlò, àti pásípọ́ọ̀tù, tó tún tó láti wọ bàálù abẹ́lé. Fún mọ́tò, ìwé ìwakọ̀ ilé yín tí kò tíì kú. Ìwé ìwakọ̀ àgbáyé, láti ilé ni kí ẹ ti gbà á, wọn kì í fún àlejò ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 máa ń san owó kún un.

Tí mo bá rí orí ọfà tàbí ìṣó àtijọ́ nílẹ̀, ṣé mo lè mú un?

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òfin àpapọ̀ ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ lórí ilẹ̀ National Park Service, owó ìtanràn ńlá sì wà fún un, ẹ̀wọ̀n náà wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, ẹ sàmì sí ibẹ̀ lórí máàpù fóònù yín, kí ẹ lọ sọ fún rénjà. Ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ àti dúróònù kò gbọ́dọ̀ jáde nínú mọ́tò ní ibi tó jẹ́ ti National Park Service.